Ta Ló Kúnlẹ̀ Nínú Fọ́tò Yẹn?

Sí Olótùú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, ọkọ mi ló máa ń rà á bọ̀ nígbà tó wà láyé, báyìí àwọn ọmọ ló ń bá mi rà á, àmọ́ mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn tó jẹ́ pé tí mo bá gbé e mì, kò ní dà nínú mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e jáde kí àwọn ará wa kà á, pàápàá àwa tá à ń pe ara wa ní Kristẹni, àwa ìyá ìjọ, ẹgbẹ́ aláàánú, àti àwọn pásítọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni. Ẹ ti rí irú fọ́tò tí mò ń wí. Kérésì á máa bọ̀ tàbí Àjíǹde á kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọ á to àpò ìrẹsì síwájú pẹpẹ, wọ́n á ta báńà, orúkọ àti àwòrán ẹni tó ra ìrẹsì á wà lára ẹ̀ gàdàgbà-gadagba, wọ́n á wá máa pe àwọn opó jáde níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú mikirofóònù. Opó á kúnlẹ̀ gbà á, ẹni tó ń fún un á dúró gangan nínú léèsì, á kọjú sí fóònù, á rẹ́rìn-ín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti wà lórí Facebook, ó ti wà lórí WhatsApp oníkálùkù, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ògo ni fún Ọlọ́run.

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa torí èmi ni mo máa ń ya á ní ìjọ tiwa. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn aláìní, torí mo jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tí mo sì mọ fóònù lò díẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ, wọ́n ní kí n máa bá wọn ya fọ́tò, mo sì ń ṣe é tọkàntọkàn, mo rò pé iṣẹ́ Olúwa ni mò ń ṣe.

Kérésì ọdún 2021, obìnrin kan wà lórí ìlà tí mo ti mọ̀ fún bí ọgbọ̀n ọdún. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Lọ́dún 1994, owó oṣù wa ò jáde, àkọ́bí mi fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì, mi ò ní kọ́bọ̀, mo lọ bá obìnrin yìí ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń taṣọ ní ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà níbí. Ó ka owó fún mi lábẹ́ káńtà kí ẹni tó jókòó tì í má baà rí i. Kò kọ ọ́ sínú ìwé, kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ni o. Nígbà tí mo fẹ́ san án ó tiẹ̀ ní ṣé mo jẹ òun lówó ni, àfìgbà tí mo fi owó yẹn sórí aṣọ níwájú ẹ̀ tí mo sá lọ. Ọjà ò dúró sójú kan, ọkọ ẹ̀ ṣàìsàn pẹ́ kó tó kú, gbogbo ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ló bá àìsàn ọ̀hún lọ. Bó ṣe di ẹni tó ń tò sórí ìlà ìrẹsì nìyẹn.

Ó dé iwájú, ó fẹ́ gba ìrẹsì ẹ̀ kó máa lọ. Èmi tí mo di fóònù mú ni mo sọ fún un pé kó kúnlẹ̀ dáadáa, kó gbójú sókè díẹ̀, kí báńà lè hàn lẹ́yìn. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé. Ó wò mí. Ó kúnlẹ̀. Mo ya á.

Láti ọjọ́ yẹn a ò rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Àwọn kan ní ó ti lọ sí ìjọ míì, àwọn kan ní bóyá ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó lọ sílé ẹ̀, ojú sì ń tì mí láti sọ pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi mu, a sọ̀rọ̀ ọmọ, a sọ̀rọ̀ òjò. Ìgbà tí mo wá bi í pé kí ló dé tí a ò rí i, ó ní àwọn àna ọmọ òun obìnrin, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́dọ̀ òun, wọ́n rí fọ́tò yẹn lórí fóònù, wọ́n sì pe ọmọ òun pé ṣé ìyá ẹ nìyí. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbàgbé, ó ní, "Tíṣà, ìrẹsì yẹn ti tán látọjọ́ yìí. Fọ́tò yẹn ò tíì tán."

Mo dé ilé, mi ò lè sùn.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Nígbà tiwọn, téèyàn bá fẹ́ lóṣòó ti oore ẹ̀, àfi kó jókòó sí ìta ẹni tó ṣe é fún, kó máa rojọ́ fún ẹni tó ń kọjá. Lónìí fóònù ló ń bá wa lóṣòó, fóònù kì í sì í dìde kúrò níbẹ̀, ọmọ tí wọn ò tíì bí á bá a níbẹ̀.

Mo wá gbé Bíbélì mi, mo ní kí n tún ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wíwẹ̀ nínú Ìhìnrere Jòhánù orí 13 kà, ibi tá a máa ń kà lọ́dọọdún ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́. Ẹ bá mi wo ohun tí mo ti ń kà kọjá láti kékeré. Nínú Bíbélì Yorùbá wa àtijọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò fún aṣọ tí Jésù bọ́ sílẹ̀ ni agbádá. Ó dìde nídìí oúnjẹ, ó bọ́ agbádá, ó mú aṣọ ìnura, ó fi di àmùrè. Ta ni kò mọ ohun tí agbádá jẹ́ nílẹ̀ wa? Ẹni tó wọ agbádá kì í bẹ̀rẹ̀, kì í gbálẹ̀, kì í ru ẹrù, wọ́n máa ń bá a ru tiẹ̀ ni. Téèyàn bá fẹ́ ṣiṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tó máa bọ́ nìyẹn. Jésù bọ́ ọ níṣojú gbogbo àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀, ó bu omi sínú àwokòtò, ó lọ sí ìdí ẹsẹ̀ wọn.

Nílẹ̀ wa ọmọdé ló ń bu omi fún àgbà fọwọ́, ọmọdé ló ń sáré gba ẹrù lórí àgbà. Ká rí ọ̀gá tó kúnlẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ ọmọọṣẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú omi, ìdààmú ló máa bá gbogbo ilé, ẹlòmíì á tiẹ̀ rò pé ó fẹ́ fi gégùn-ún ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bá Pétérù wí nígbà tó figbe ta pé láéláé, o ò ní wẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ló ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n Jésù ò yí i padà, ó wẹ̀ ẹ́. Ó wẹ ti Júdásì náà, ó sì mọ ohun tó wà lọ́kàn Júdásì o, kò fò ó lórí ìlà.

Ohun tó gún mi lọ́kàn níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣe oore ló wà nílẹ̀, ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún ló jókòó. Àwa wá yí i po. Àwa ń ṣe oore ní ìdúró, a ní kí ẹni tá à ń ṣe é fún kúnlẹ̀, a wá ń pè é ní àpẹẹrẹ Jésù.

Àbí ẹ rántí fọ́tò Póòpù Francis lọ́dún 2013? Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n yàn án, 28 oṣù kẹta, Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, dípò kó wà nínú kàtídírà ńlá, ó lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn ọ̀dọ́ kan ní Róòmù tí wọ́n ń pè ní Casal del Marmo, ó wẹ ẹsẹ̀ àwọn méjìlá níbẹ̀, obìnrin wà nínú wọn, Mùsùlùmí náà wà nínú wọn. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà o, Mẹ́tọ́díìsì ni mí. Wọ́n ya fọ́tò níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní sọ pé wọn ò ya á. Àmọ́ ẹ wo fọ́tò ọ̀hún, ẹlẹ́wọ̀n ló jókòó lórí àga, bàbá arúgbó tó wọ funfun yẹn ló wà nílẹ̀. Lọ́dún 2025, ọjọ́ mélòó kan kó tó kú, ara ẹ̀ ò gbé e mọ́ láti kúnlẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ yẹn náà, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló ní kí wọ́n gbé òun lọ. Ohun tí mo fi ń wo fọ́tò ìjọ báyìí nìyẹn, mi ò wo iye àpò ìrẹsì mọ́, ta ló kúnlẹ̀ ni mo máa ń wò.

Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Róòmù nìkan lèèyàn ti lè rí irú ẹ̀. Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti bí mi, lọ́dún 1958, ìlú wa tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ogun Kírìjì. Lọ́dún 1956 dókítà òyìnbó kan tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ David Morley wá sí Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, ilé ìwòsàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì nígbà yẹn, ó wà níbẹ̀ di 1961. Ẹni tó lè jókòó sí Iléṣà ni, kí àwọn ìyá máa gbé ọmọ tó ti fẹ́ẹ̀ kú tọ̀ ọ́ wá, kò sẹ́ni tó máa bá a wí, bí gbogbo dókítà ṣe ń ṣe nìyẹn. Àmọ́ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń gbé wá, ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó dé, àti pé ohun tó ń pa wọ́n kì í ṣe àìsàn ńlá kan, ìgbẹ́ gbuuru ni, ikọ́ ni, àìjẹun-dáadáa ni. Ló bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ṣí kílíníìkì fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ọmọ tó ń ṣàìsàn àti ọmọ tí ara ẹ̀ le, gbogbo wọn ni wọ́n ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n.

Ibi tí mò ń lọ gan-an ni káàdì. Ó ṣe káàdì kan tí wọ́n ń fi àmì sí bí ọmọ bá ṣe ń wúwo sí lóṣooṣù, àmì yẹn á di ìlà, ìlà tó bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà, ìlà tó bá tẹ́jú tàbí tó ń sọ̀kalẹ̀, ewu ń bọ̀, wọ́n á ti mọ̀ kó tó hàn lójú ọmọ. Nígbà yẹn, ilé ìwòsàn ló máa ń tọ́jú ìwé aláìsàn, wọ́n gbà pé ará oko ò lè tọ́jú ìwé. Ọkùnrin yìí fi káàdì lé ìyá lọ́wọ́, sínú ọ̀rá, kó máa gbé e lọ sílé. Ìyá tí ò mọ̀wé kà! Wọn ò sì sọ ọ́ nù. Ìyá tèmi tọ́jú tèmi sínú àpótí aṣọ ẹ̀ títí mo fi parí ilé ìwé módà, èmi ni mo sọ ọ́ nù nígbà tí mo ń kó lọ sílé ọkọ, ó sì ń dùn mí dòní. Irú káàdì yẹn ló kárí ayé lẹ́yìn náà, àwọn tó ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lónìí ní Íńdíà tàbí ní Kẹ́ńyà, ọ̀pọ̀ wọn ni ò mọ̀ pé ìlú kékeré kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2009 ni dókítà yẹn kú ní ìlú ọba.

Ìrẹ̀lẹ̀ tí mò ń wí nìyẹn o. Kì í ṣe pé ó ń tẹrí ba kiri. Ó gbà pé ìyá tó wà níwájú òun, òun náà lórí, òun náà lọ́wọ́, ó fi nǹkan pàtàkì lé e lọ́wọ́. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ káàdì yẹn, èmi ni mo wá dàgbà tán tí mo ń sọ fún ẹni tó jù mí lọ pé kó gbójú sókè kí báńà lè hàn.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ wa, ariyanjiyan pọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì la fi fà á. Wọ́n ní àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n fẹ́ rí ẹ̀rí pé owó dé ibi tí wọ́n ní kó dé, kí wọ́n má rò pé a ti jẹ ẹ́. Òótọ́ ni, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, a sì mọ̀ pé wọ́n ti jẹ irú owó bẹ́ẹ̀ níbòmíì. Àmọ́ àpò ìrẹsì ni kẹ́ ẹ yà, ẹ ya rìsíìtì, kí akọ̀wé ní ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù, kí àgbà ìjọ méjì fẹnu ara wọn pe ẹni tó fowó ránṣẹ́. Ojú opó kọ́ ni rìsíìtì. Ẹlòmíì ní ṣebí Jésù fúnra ẹ̀ ló ní kí ìmọ́lẹ̀ wa máa tàn níwájú èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní kó tàn kí wọ́n lè yin Baba tí ń bẹ lọ́run, ẹ sọ fún mi, ta ni wọ́n ń yìn nígbà tó jẹ́ pé orúkọ alága ló kún ara báńà? Mo tún ní kí wọ́n ka Mátíù orí 25, àwọn tí wọ́n pè sí apá ọ̀tún, tí wọ́n bọ́ ẹni tébi ń pa, tí wọ́n wọṣọ fún ẹni tó wà níhòhò, nígbà tí wọ́n sọ fún wọn pé wọ́n ṣe é, ẹnu yà wọ́n ni, wọ́n ní Olúwa, nígbà wo la rí ọ? Wọn ò tiẹ̀ rántí. Wọn ò kó àkọsílẹ̀ jọ láti fi hàn án.

Níkẹyìn a fẹnu kò pé kò sí ìlà mọ́, kò sí báńà mọ́, ilé ni wọ́n á gbé e lọ, lálẹ́, àwọn àgbà ìjọ fúnra wọn ló sì máa gbé e. Ibẹ̀ ni wàhálà tún ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa ní òun ò lè ru ìrẹsì wọ ilé ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ orí òun àti ipò òun, ẹ jẹ́ ká rán àwọn ọ̀dọ́. Mo ní Bàbá, ẹ dákun, tí àwọn ọ̀dọ́ bá lọ, a ti gbé ìrẹsì lọ nìyẹn, a ò tíì bọ́ agbádá. Ó bínú. Àmọ́ ó lọ o. Ó padà dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó dákẹ́, ó jókòó, ó wá ní òun ò mọ̀ pé òrùlé ilé ìyá yẹn ti ṣí láti ọdún tó kọjá, abọ́ ló fi ń gbe òjò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọdún mélòó la ti ń fún ìyá yẹn ní ìrẹsì níwájú pẹpẹ! Òmíì tún wà tó jẹ́ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ti tán lọ́wọ́ ẹ̀, ìrẹsì kọ́ ni ìṣòro ẹ̀. Ẹni tó dúró lórí pèpéle ò lè rí ìyẹn, àfi kéèyàn bẹ̀rẹ̀ wọ ẹnu ọ̀nà wọn.

Ní ti ọ̀rẹ́ mi aláṣọ, mo tọrọ àforíjì, ó ní òun ti dárí jì mí, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo pa fọ́tò yẹn rẹ́ lórí fóònù mi, mo bẹ àwọn tó kù kí wọ́n pa á rẹ́, mi ò mọ iye tó ṣì wà nílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ó ṣubú ní balùwẹ̀, itan ẹ̀ dá, kò lè bẹ̀rẹ̀ fọṣọ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní Sátidé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo kó aṣọ ẹ̀ sínú bàsíà, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Tíṣà, ìwọ kọ́ lo máa fọ aṣọ mi, láéláé." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún, mo ń fọ̀ ọ́ lọ. Báyìí ó ti mọ́ ọn lára, ó tiẹ̀ máa ń sọ fún mi pé mi ò fọ kọ́là mọ́ tó. Kò tíì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, mi ò sì fi ìyẹn dà á láàmú.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan kù, Olótùú, ẹ̀yin gan-an ni mo sì fi ń bẹ̀. Àwọn ìjọ, àwọn olóṣèlú, àwọn ẹgbẹ́ gbogbo ń kó irú fọ́tò yìí ránṣẹ́ sí yín, ẹ sì máa ń gbé e jáde, mo rí méjì nínú èyí tẹ́ ẹ gbé jáde lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìròyìn pé wọ́n pín oúnjẹ, ẹ kọ iye tí wọ́n pín, ẹ tiẹ̀ lè ya àpò ìrẹsì. Ojú àwọn ìyá yẹn ni kẹ́ ẹ bá mi fi sílẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Iléṣà.